Ojú Ẹ̀yìn Ọkọ̀ àti Rédíò Tuntun

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya ẹlòmíràn nínú yín pé olùkọ́ èdè ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wáyà ọkọ̀ lónìí. Èmi kì í ṣe rìwáyà, n kò sì kọ́ iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí lápò, ó sì kù díẹ̀ kí ó kàn mí ju àpò lọ.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ mi. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, kí a tó wá fi í pe mọ́tò, fíríìjì àti bàtà. Ọkọ̀ náà ti ìlú òyìnbó gbé kámẹ́rà kékeré kan bọ̀, lókè nọ́ńbà ẹ̀yìn. Bí mo bá ti fi gíà sí rìfáàsì, ohun tí ó wà lẹ́yìn mi yóò hàn lójú rédíò.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1956, ilé-iṣẹ́ Buick ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ àfihàn kan jáde tí wọ́n pè ní Centurion; kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi sí ìdí rẹ̀ dípò dígí ìwẹ̀yìn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1959, ni tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìran wíwò ni ti Buick yẹn. Ikú ni ó sọ kámẹ́rà ẹ̀yìn di dandan. Ní 2002, ní ìpínlẹ̀ New York, dókítà kan tí ń tọ́jú àwọn ọmọdé ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ àgbàlá ilé rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ òun fúnra rẹ̀, Cameron Gulbransen, ọmọ ọdún méjì, ti jáde tẹ̀lé òun. Dígí kò fi ọmọ náà hàn án. Ní 2008, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ yìí, ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 2014. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2018, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ han awakọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 20 ní gígùn, kí àwòrán sì yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ìdí nìyí tí ojú ẹ̀yìn fi ń pọ̀ sí i lára àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá bá wa.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ wa, kí ni a ń ṣe? Rédíò ni a kọ́kọ́ ń yọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Mo ra tuntun tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí síléètì, mo sì gbé e fún oníṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ó fi gílóòbù ìdánwò rẹ̀ kan wáyà, gílóòbù tàn, ó ní, "Iná wà, sà." Ó sì so kámẹ́rà mọ́ ọn. Àwòrán yọ, mo sanwó, mo yọ̀. Ọjọ́ méjì ni ayọ̀ náà pé. Ní ọjọ́ kẹta, ojú rédíò dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo ní n óò tún un ṣe bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ fi ẹ̀yìn jáde nínú ọgbà, obìnrin tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé sì ké tòò. Mo tẹ búrẹ́èkì. Ọmọ rẹ̀ ni ó lóṣòó sí ìdí ọkọ̀, tí ó ń fi ìdérí ìgò gbẹ́ ilẹ̀. Mo ti wo dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Ẹsẹ̀ mi kò mú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹnì kan júwe rìwáyà kan fún mi ní Ìyànà Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, lójú ọ̀nà Ìwó. Àgbàlagbà ni, ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Ó tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wo ìsopọ̀ náà, ó sì mi orí.

"Tísà, ta ni ó so èyí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi onítọ̀hún sílẹ̀, bàbá."

"Ẹ má bínú o. Oúnjẹ àgbà ni wọ́n fún ọmọ ọwọ́."

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Toyota àti Honda, rédíò tí ó bá ọkọ̀ wá ni ó ń bọ́ kámẹ́rà ẹ̀yìn, volt 6 ni ó sì ń fún un. Ẹni tí ó bá yọ rédíò náà ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Rédíò ọjà kò mọ volt 6. 12 ni tirẹ̀. Wáyà iná rìfáàsì pàápàá, 12 ni, ó sì lè súnmọ́ 14 bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà tí a bá so mọ́ irú iná bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó tó jóná.

"Ṣùgbọ́n gílóòbù tàn," ni mo wí.

"Gílóòbù á tàn. Pé iná wà ni gílóòbù ń sọ. Iná mélòó? Kò lè sọ ìyẹn. Mítà ni a ń bi."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí mú mi dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ní ilẹ̀ yìí pé "iná wà", "iná dé", "wọ́n ti mú iná lọ", bí ẹni pé wíwà tàbí àìsí nìkan ni ọ̀rọ̀ iná. Àwa ní yunifásítì ń jókòó nínú ìpàdé láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọkùnrin yìí sì ti rí ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ta táyà. Ìwé ìlànà tí ó wà nínú páálí rédíò mi, Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni; mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì, kò sí 6 nínú rẹ̀.

Ó rán mi lọ ra kámẹ́rà àlòkù tí ó bá ọkọ̀ mi mu ní Aráròmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi-Gate. Wáyà mẹ́rin ni ó ní: ọ̀kan ń gbé iná lọ, ọ̀kan ń dá a padà, méjì ń gbé àwòrán. Mítà ni ó fi dá wọn mọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó so ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí ń sọ volt 12 di 6 sáàárín iná rìfáàsì àti kámẹ́rà, ó fi fúùsì kékeré ṣọ́ ọ, ó sì tún fi mítà wọn ohun tí ń jáde kí ó tó jẹ́ kí ó kan kámẹ́rà. Wáyà àwòrán méjèèjì lọ sí ẹnu ihò aláwọ̀ òféèfèé ti rédíò. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fún rédíò ní wáyà tí yóò máa sọ fún un pé gíà ti bọ́ sí rìfáàsì. Láìsí ìyẹn, kámẹ́rà lè máa ríran kí rédíò má mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Níṣojú mi ni ó dá ọkùnrin kan padà tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àìpẹ́ yìí. Ọ̀nà dígítà ni kámẹ́rà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́, rédíò ọjà kò sì lè kà á. Ó ní kí ó fi rédíò rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó ra kámẹ́rà mìíràn mọ́ tuntun náà. Owó ni ó lé lọ yẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Nígbà tí ó tan tiwa, àwòrán yọ, ṣùgbọ́n ọ̀tún di òsì. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yí i nínú rédíò, ó yí i padà. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù lọ lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ rí i, Tísà?"

Mo rí i, títí dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ wá wo dígí."

Mo wo dígí, mo tún yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Mo rí ojú títì, mo rí bọ́ọ̀sì kan tí ń sáré lọ sí Ìwó. N kò rí ọmọ náà.