Bí Aṣòfin Bá Wá Jíṣẹ́ fún Wa, Kí Ni A Ó Bi Í?

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́)

  Alága ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, n kò sì ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin wa ni mo mú wá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọmọ ilé 40. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ tiwa: méjì láti Ìkòròdú, méjì láti Ẹ̀pẹ́. Ó ti di àṣà wọn láti ọdún mélòó kan pé kí wọ́n pe àwọn ará ẹkùn ìdìbò wọn jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo ẹkùn 40 lọ́jọ́ kan náà. Aṣòfin yóò dúró, yóò sọ òfin tí wọ́n ṣe àti iṣẹ́ tó dé àdúgbò; àwọn ará ìlú náà yóò sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń lọ síbẹ̀? Àwọn ọba àti ìjòyè ń lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ń lọ, àwọn ìyálọ́jà ń lọ. Àwa òṣìṣẹ́ ńkọ́? Àwọn díẹ̀ tó ń lọ nínú wa, ibi tí àpò ìrẹsì wà ni ojú wọn ń wò. Bí aṣòfin bá sọ pé òun bá wa ṣe ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́, pé òun ra fọ́ọ̀mù ìdánwò fún àwọn ọmọ wa, a ó pàtẹ́wọ́, a ó lọ sílé. Kò burú kí èèyàn bá wa ṣọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọdún ni a ṣe rán an lọ sí Alausá.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rán níṣẹ́ kankan, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ́. Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lónìí kò ju ọ̀kan lọ: kí á mọ ohun tó wà lọ́wọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kí á sì kọ ìbéèrè wa sínú ìwé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999 pín iṣẹ́ òfin ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìjà àárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, àti owó oṣù tó kéré jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lé wọn lórí. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣe òfin ₦125 ní 1981, òun ló ṣe ti ₦30,000 ní 2019, òun náà ló tún un ṣe ní 2024 tí ó fi di ₦70,000. Ní 2021, nígbà tí wọ́n gbé àbá wá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá pé kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, àwa òṣìṣẹ́ jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta láti sọ pé rárá. A mọ̀ pé bí gómìnà kọ̀ọ̀kan bá ń dá tirẹ̀ gé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni yóò jìyà.

₦85,000 tí ìjọba Èkó kéde ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ló wà fún. Kò de ilé iṣẹ́ aládàáni ní Odógúnyán. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni tó ń wá ìbò bá dúró níwájú yín tó ní òun yóò ṣòfin owó oṣù fún ilé iṣẹ́ wa ní Alausá, ẹ bi í pé ibo nínú Ìwé Òfin ni ó ti rí agbára náà. Bákan náà ni ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Aṣòfin Èkó lè bá wa pariwo, ṣùgbọ́n àwọn aṣojú wa ní Àbújá ni kí á kọ́kọ́ dì mú.

Ó wá ku ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kéré.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọkọ̀. Òfin ìrìnnà 2012 ló lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Òfin mìíràn lórí ìrìnnà tún wáyé ní 2018, orí rẹ̀ ni ìjọba sì dúró lé nígbà tí ó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní 2020 àti 2022. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n fi mẹ́rin kún un, Kòsọ̀fẹ́ sì wà nínú wọn. Kò kan Ìkòròdú, kò kan Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó bá gbé èrò láti Ìkòròdú dé Máìlì 12, ó ti wọ Kòsọ̀fẹ́ nìyẹn. Ta ni nínú àwọn aṣòfin wa ló dúró sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀kadà bọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin 2018? Ìbéèrè kan nìyẹn. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦800 lójúmọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ èrò, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ ni yóò pín in. Kí ni ìpín ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ṣe ní gáréèjì wa? Ìbéèrè kejì.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilé tí à ń gbé. Ilé Aṣòfin yìí kan náà ló ṣe òfin ilé gbígbé ti 2011. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù tó sì ti wà nínú ilé, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Onílé tó bá rú u, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Ìkòròdú, kò yọ Ẹ̀pẹ́. Ẹ wo ojú ara yín. Mélòó nínú wa ni wọ́n ti gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn 2011? Òfin wà nínú ìwé, kò sí ní ojúlé wa. Ìbéèrè kẹta nìyẹn: ta ni ó yẹ kí ó mú un ṣẹ, ìgbà wo sì ni Ilé Aṣòfin bi ẹni náà léèrè?

Ẹ̀kẹta ni owó ìlú. Gómìnà kò lè ná owó ọdún láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2025, wọ́n yọ Ọ̀gbẹ́ni Mudashiru Obasa nípò Olórí Ilé, wọ́n fi Arábìnrin Mojisola Meranda sí i, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Obasa padà. Nínú bọ́ọ̀sì, ní ilé ìtura, ní ibi iṣẹ́, kò sí ẹni tí kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú ìyọnípò yẹn, Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025, owó tó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ta ni nínú wa ló bèèrè èwo nínú rẹ̀ ni ti Ìkòròdú, èwo ni ti Ẹ̀pẹ́? Àga ni à ń wò, a kò wo àpò. Ìbéèrè kẹrin: iṣẹ́ wo ní àdúgbò wa ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, eélòó ni, ibo ló dé dúró?

Ẹ̀kẹrin ni ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé Òfin Ilẹ̀ mọ 20 ní Èkó. Òfin tí Ilé Aṣòfin ṣe ní 2002 ló fi 37 kún un. Ìdí nìyẹn tí Ìkòròdú fi ní mẹ́fà, tí Ẹ̀pẹ́ ní mẹ́ta. Àwọn ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wa ní ọjà. Ilé Aṣòfin ló lágbára láti yẹ ìwé owó wọn wò. Ìbéèrè karùn-ún: ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kí ni wọ́n rí?

Aṣòfin lè sọ pé àwọn ṣòfin, gómìnà ni kò fọwọ́ sí i. Ẹ má gba ìyẹn tán. Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé, ìyẹn 27 nínú 40, lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.” Ìwé mẹ́fà àti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni èmi náà kà, n kò sì gbà pé ìyẹn di ẹnu wa. Lóòótọ́, ní oṣù kejìlá 1999, Ilé Aṣòfin Èkó kọ̀ láti máa fi Yorùbá jíròrò. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin gbà wọ́n láyè láti lò ó mọ́ gẹ̀ẹ́sì, ilé kan náà ló sì ṣe òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní 2018 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Bí ó bá tọ́ sí ọmọ wa ní kíláàsì, ó tọ́ sí bàbá rẹ̀ ní ìpàdé. Ẹ dìde, ẹ ní kí wọ́n jíṣẹ́ ní Yorùbá.

Àwọn mìíràn ń sọ pé bí kò bá ṣe dáadáa, kí á pè é padà sílé. Ìwé Òfin fún wa láàyè, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí àjọ elétò ìdìbò tó wá ṣètò ìbò lórí rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogí ní 2018. Nígbà tí wọ́n yẹ ìbuwọ́lùwé wò, iye tí ó yẹ kò pé rárá. Ìwé ìbéèrè tí a bá ń gbé lọ lọ́dọọdún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì ìdìbò sì wà fún ọdún kẹrin.

Nítorí náà, àbá mi nìyí. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti gáréèjì kọ̀ọ̀kan yan ẹni mẹ́ta. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ ìbéèrè márùn-ún yìí sínú ìwé, kí wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí àwọn mẹ́ta náà jókòó níwájú, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Bí ọdún bá yí po, ìdáhùn yẹn ni a ó kọ́kọ́ kà sí i létí kí á tó bèèrè tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìrẹsì, kí ó gbà á, ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó bèèrè ìbéèrè kí ó tó gbé àpò rẹ̀.

Mo fi àbá náà síwájú ilé. Ẹni tó bá gbè é lẹ́yìn, kí ó nawọ́ sókè.