Ìtọ́jú Ọmọ ní Ìlú Ọba: Owó Ìjọba àti Ọmọ Àgbàtọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ti owó tí ìjọba ń ná lórí ìtọ́jú ọmọdé. Ìlú Ọba ni àpẹẹrẹ rẹ̀ yóò ti wá, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti fara gbá a nígbà tí owó náà kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Nígbà ogun Hitler, àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sójú ogun, àwọn obìnrin sì wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìbọn àti ọta. Ìjọba rí i pé obìnrin tí ọmọ ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró ti ẹ̀rọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ káàkiri. Nígbà tí ó fi di 1943, iye wọn ti lé ní 1,300. Ṣílè kan lójúmọ́ ni òbí ń san. Àpò ìjọba ni ìyókù ti ń jáde. Ogun parí ní 1945. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni Ilé-iṣẹ́ Ìlera kọ̀wé sí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú pé ọ̀dọ̀ ìyá nínú ilé ni ó dára jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ní 1946, ìjọba gé owó ìrànwọ́ sí ìdajì. Ìgbìmọ̀ tí kò lè san ìdajì yòókù ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìfẹ́ ọmọ ni ó kọ ìwé yẹn, kí ó béèrè ibi tí ìfẹ́ náà wà nígbà tí ọta ìbọn ṣì kù ní rírọ.

Ní àkókò kan náà, ìjọba ń la ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kíní 1945, ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan, Dennis O'Neill, kú sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú fi í sọ́dọ̀ wọn ní Shropshire. Ariwo ta. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, Myra Curtis sì ni alága rẹ̀. Láti inú àbọ̀ wọn ni òfin 1948 ti jáde, èyí tí ó pa á láṣẹ fún gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú láti gba ọmọ tí kò ní olùtọ́jú, kí wọ́n sì fi owó ìlú tọ́ ọ, ìbáà ṣe nínú ilé ìtọ́jú ọmọ, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé: bí ilé bá tú, owó wà, bí òbí bá ń wá ẹni tí yóò bá òun wo ọmọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ilé má baà tú, owó kò sí.

Inú àlàfo yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá já sí. Láti nǹkan bí 1955 ni wọ́n ti ń rọ́ lọ sí Ìlú Ọba, ọkọ láti kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣírò owó, aya láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìránṣọ. Ọ̀pọ̀ onílé kọ̀ láti fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ gbà á kò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Ìyá kò sí nítòsí, àǹtí kò sí, jẹ́lé-ó-sinmi tí ó kù kò sì láàyè. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Àwọn obìnrin Òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex dá wọn lóhùn. Owó ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ni òbí ń san, láti inú ohun tí ó ń rí níbi iṣẹ́ alẹ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, fífi ọmọ fún ẹbí tọ́ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ọmọ lè gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá kí ó tún gbọ́n ju ẹni tí kò kúrò nílé lọ, nítorí pé ojú púpọ̀ ni ó ń wò ó. Èrò yìí ni àwọn òbí gbé dé Kent. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó gba ọmọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin 1958 ní kí ẹni tí ó bá fi owó gba ọmọ tọ́ sọ fún ìgbìmọ̀ ìlú, kí òṣìṣẹ́ wọn sì máa wá wo ọmọ. Ọ̀pọ̀ kò sọ. Ìgbìmọ̀ kò sì ní kọ́bọ̀ kan láti fún wọn tí ìbá mú kí wọ́n sọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìyà jẹ o. Àwọn kan rí ìyá kejì. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n gbé fún alágbàtọ́ ní Tilbury láti ọmọ ọwọ́, ti fi ohun tí ojú tirẹ̀ rí ṣe sinimá tí ó pè ní Farming, tí ó jáde ní 2018. Kò rọrùn láti wò. Ilé ìtọ́jú ọmọ ti ẹgbẹ́ Barnardo's ni Justin Fashanu àti àbúrò rẹ̀ John bá ara wọn nígbà tí òbí wọn pínyà, tí bàbá padà sí Nàìjíríà, kí tọkọtaya Òyìnbó kan ní Norfolk tó gbà wọ́n tọ́. Justin ni agbábọ́ọ̀lù dúdú àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn, ní 1981. Ifá ṣàánú ni orúkọ Fashanu túmọ̀ sí. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó dàgbà sí lè sọ ìtumọ̀ yìí fún un.

Èyí ni àdánù tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba kankan. Ọmọ ọdún méje yóò dé Ìkẹjà láti inú bàálù, wọn yóò fi obìnrin kan hàn án pé ìyá rẹ nìyí, kò sì ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò fi kí i. Wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé kò dọ̀bálẹ̀. Ìyá àgbà kì í kí ọmọ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Oríkì ni ó kì í, ọmọ náà sì ń wo ẹnu rẹ̀.

Ikú mìíràn ni ó tún jí ìjọba. Ní oṣù Kejì 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast, kú ní Lọ́ńdọ̀n sọ́wọ́ obìnrin tí í ṣe àǹtí bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti fi í lé obìnrin náà lọ́wọ́ kí ó lè kàwé, bí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lójú tiwa, ìyá ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀; lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, àǹtí bàbá kò sí lára ìbátan tí ó sún mọ́ ọmọ. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìlú ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ àgbàtọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé etí wọn, Lord Laming sì fi hàn ní 2003 bí gbogbo wọn ti jẹ́ kí ó bọ́. Ohun tí òfin sọ ni pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tí ó sún mọ́ ọn, ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Àyẹ̀wò pọ̀ sí i. Owó tí ìgbìmọ̀ ń san fún alágbàtọ́ tirẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn síbẹ̀.

Ní ti jẹ́lé-ó-sinmi, ìjọba ti padà sí ohun tí ó pa tì ní 1946. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ọ̀pọ̀ òbí tí ń ṣiṣẹ́ ní England ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú wákàtí 30 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí físà òbí méjèèjì bá kà á léèwọ̀ fún wọn láti gba owó ìrànwọ́ ìlú, wákàtí 30 kò sí fún wọn. Wákàtí 15 ni tiwọn, nígbà tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta, tàbí méjì bí owó tí ń wọlé bá kéré gan-an. Ní oṣù Kẹta 2024, ìjọba Ìlú Ọba tún fi òfin dí ọ̀nà mọ́ ọmọ àwọn àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá tọ́jú àwọn arúgbó wọn. Ìyá lọ, ọmọ dúró lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀wọ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ sì ń ti Lọ́ńdọ̀n wá ní ìparí oṣù.