Òwú Tó Fa Amẹ́ríkà Ya

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì jókòó pẹ̀lú Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Martin Delany wá láti Amẹ́ríkà. Ọmọ Jàmáíkà ni Robert Campbell. Ilẹ̀ ni wọ́n bá wá, kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lókè òkun lè wá tẹ̀dó sáàárín Ẹ̀gbá, kí wọ́n sì máa gbin òwú láìjẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni. Èrò Delany ni pé bí òwú Áfíríkà bá kún ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbára àwọn olóko ẹrú Amẹ́ríkà yóò jó rẹ̀yìn.

Kí ló fún òwú lágbára tó bẹ́ẹ̀?

Òwú àwọn ará ìhà Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní kóró tó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ yọ kóró rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa rí. Ní 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ kan tí eyín rẹ̀ ń fa òwú gba ojú ihò tóóró, tí kóró á sì kù sẹ́yìn. Ènìyàn á rò pé ìyà ẹrú máa dín kù. Rárá o. Bí kóró òwú ṣe rọrùn láti yọ ni olóko túbọ̀ ń wá ilẹ̀, tó sì túbọ̀ ń ra ènìyàn. Ètò ìkànìyàn 1790 ka ẹrú bíi 700,000. Nígbà tó fi di 1860, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 4. Òwú nìkan ló ń mú ohun tó ju ìdajì owó ọjà tí Amẹ́ríkà ń tà sókè òkun wọlé. Kí ẹni tó ń gbọ́ iye yìí má sì gbàgbé pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń kà, tí wọ́n ń já gbà lọ́wọ́ ara wọn ní Virginia láti lọ tà ní Mississippi.

Àríwá gba ọ̀nà mìíràn: ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ọkọ̀ ojú irin, àgbẹ̀ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ roko. Ọwọ́ tiwọn náà kò mọ́, nítorí àwọn oníṣòwò New York ló ń yá olóko lówó. Àwọn onílé-iṣẹ́ fẹ́ kí owó ibodè ga, kí ọjà wọn lè tà. Àwọn olóko tó ń ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ jálẹ̀. Ní 1832, South Carolina kéde pé òfin owó ibodè kò múlẹ̀ lórí ilẹ̀ òun. Ààrẹ Andrew Jackson, tí òun fúnra rẹ̀ ní ẹrú, fi ológun halẹ̀ mọ́ wọn. Lọ́dún kejì, aṣòfin Henry Clay bá wọn parí ìjà, wọ́n dín owó náà kù.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé owó ibodè ló fa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjà owó ṣeé pín sí méjì. Ìbéèrè pé ṣé ènìyàn lè jẹ́ dúkìá ẹlòmíì kò ní ìdajì.

Síbẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti pín in. Ní 1820, wọ́n fa ìlà sórí máàpù láti ya ilẹ̀ tí ẹrú lè wà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ sí. Ní 1850, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa mú ẹrú tó bá sá lọ sí Àríwá. Aṣojú ìjọba tó bá ní kí wọ́n dá ẹni náà padà fún olówó rẹ̀ yóò gba dọ́là 10. Bó bá ní kó máa lọ lómìnira, dọ́là 5. Inú bí àwọn tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀.

Ibi tó dunni jù ni bí oríkèé tó so orílẹ̀-èdè náà pọ̀ ṣe ń yẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jà ní 1844 nítorí bíṣọ́ọ̀bù tó ní ẹrú, wọ́n sì pín. Ìjọ Onítẹ̀bọmi pín ní 1845; apá Gúúsù rẹ̀ náà ló rán míṣọ́nnárì Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Lẹ́yìn òfin Kansas ti 1854, tó tún ṣí ọ̀nà fún ẹrú ní ilẹ̀ tuntun, ẹgbẹ́ òṣèlú Whig tó ní ọmọ ẹgbẹ́ níhà méjèèjì tú ká, Rẹ̀públíkánì tí kò ní gbòǹgbò ní Gúúsù sì gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1856, Preston Brooks, aṣòfin láti Gúúsù, wọ Ilé Aṣòfin Àgbà, ó fi ọ̀pá lu aṣòfin Àríwá, Charles Sumner, lórí ìjókòó rẹ̀ títí ọ̀pá fi ṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹrú. Àwọn ará Gúúsù fi ọ̀pá tuntun ránṣẹ́ sí Brooks.

Ní 1860, Abraham Lincoln ti ẹgbẹ́ Rẹ̀públíkánì wọlé sípò ààrẹ pẹ̀lú ìbò bíi 40 nínú 100, láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìbò rárá ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ní Gúúsù. Kò tíì gba ìjọba tí South Carolina fi ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá. Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà kún fún ọ̀rọ̀ ẹrú. Kò mẹ́nu kan owó ibodè. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin 1861, àwọn ará Gúúsù yin àgbá sí Fort Sumter, odi ìjọba Amẹ́ríkà létíkun Charleston, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun tó kú kí ogun náà tó parí lé ní 600,000.

Delany kò padà wá dáko sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kejì 1865, ìjọba Lincoln fi í joyè mejọ̀, wọ́n sì rán an lọ sí Charleston yẹn kan náà, kó lọ máa gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko òwú sí iṣẹ́ ológun.