Ta Ni Yóò Sọ Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Yóò Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù agbègbè Mápó, Bẹẹrẹ, Bẹyẹrunka àti Ọjà'ba sọ ní ìpàdé wọn

Nígbà tí Alága ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ yín rò pé a ó sọ bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ àti iye tí wọ́n ń tà á. Kì í ṣe ìyẹn ni a bá wá. Ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò kọ́ yín ní títẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ohun tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ẹnikẹ́ni tó kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé lórí owó wa, ta ni yóò sọ ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe, báwo ni olúwarẹ̀ yóò sì ti ṣe mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀bi ara wa bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ fẹ́ kó ìwé owó rẹ̀ kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà. Àwa olùbẹ̀wò ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò kọ ètò náà wá bá wa, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí ó máa ṣe?" A fa lẹ́jà lé e lọ́wọ́. A ní gbogbo ohun tí ó bá wà níbẹ̀ ni kí ó kó sínú rẹ̀, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ kúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n ìlà kan ni lẹ́jà ní fún ọmọ ẹgbẹ́ kan lóṣù kan. Àwọn ìyá tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ náà kì í sì í sanwó lóṣooṣù. Ọrọọrún ni wọ́n ń san án, bí ọjà bá ti gbè wọ́n sí. Akápò yóò kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, yóò fi í sábẹ́ ẹní. Ìparí oṣù ni yóò tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú lẹ́jà. Ìwé abẹ́ ẹní yìí kò sí nínú ohun tí a fà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Àwa tí a ti yẹ ìwé ẹgbẹ́ náà wò fún ọdún púpọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ìyá kan tí ń ta èlò àgbo l'Ọ́jà'ba wá tọrọ ẹ̀yáwó láàárín oṣù. Ọjà kan ti balẹ̀ tí ó fẹ́ lọ kó. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì owó tí ẹni ní nílẹ̀. Bí a bá ka owó ọrọọrún tí ó ti san lóṣù yẹn mọ́ ọn, ó pé. Láyé lẹ́jà, akápò yóò ṣí ìwé kékeré, ìgbìmọ̀ yóò wò ó, onídùúró méjì yóò fọwọ́ sí i, ó parí. Lọ́jọ́ náà, akọ̀wé wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, kò gbà." Ẹ̀rù ẹ̀rọ sì ba ìgbìmọ̀, wọn kò lè sọ pé irọ́ ni. Ìyá náà dìde, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn olówó èlé sọ́gún-dogójì lọ. Nígbà tí ó san gbèsè náà tán, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn mẹ́rin sì bá a lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935, kí ọmọ ẹgbẹ́ má baà ṣubú sọ́wọ́ sọ́gún-dogójì wà lára ohun tí a fi ń pe ara wa ní ẹgbẹ́. Àwa fúnra wa ni a wá tì í síbẹ̀.

Nígbà tí a wà ní póli, wọ́n kọ́ wa pé lẹ́jà kì í purọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í sọ tán.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti kọ nípa rẹ̀. A rí i pé kì í ṣe àwa nìkan. Ní 1986, Frederick Brooks, ará Amẹ́ríkà tí ó ti darí kíkọ ètò ńlá fún ilé-iṣẹ́ IBM, ti ṣàlàyé pé kò sí ohun tí ó le nínú iṣẹ́ náà tó kí a mọ ohun tí a fẹ́ ṣe gan-an. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi ojú ara wọn rí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1992, nígbà tí àwọn tí ń darí ọkọ̀ agbáláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà tuntun. Ètò náà kò mọ ibi tí ọkọ̀ wà mọ́, ọkọ̀ méjì ń lọ sí ojú kan, aláìsàn mìíràn ń retí títí. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé ìwé jáde ní 1993, ara ohun tí wọ́n rí ni pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn tí ń wa ọkọ̀ náà tó bí ó ti yẹ kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Neil Maiden, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ní City University ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ni pé àwọn tí ń kọ ètò ti ń ṣe bí ẹni pé ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ti wà nílẹ̀ bí àgbàdo tí ó dà sílẹ̀, kí a kàn ṣà á ni ó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni títí a ó fi jókòó, tí a ó jọ ronú rẹ̀ jáde. Àtinúdá ni, kì í ṣe àṣàjọ. Nígbà tí àjọ Eurocontrol, tí ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òfuurufú ní Yúróòpù, fẹ́ ètò tí yóò ran àwọn adarí ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ kí ọkọ̀ méjì má baà súnmọ́ ara wọn jù lójú ọ̀run, Maiden àti àwọn tirẹ̀ kó àwọn adarí náà jọ sínú yàrá láti jọ rò ó. Wọ́n sì ké sí ẹni tí ó mọ̀ nípa aṣọ ilẹ̀ Íńdíà kí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ máa ń mọ́ ọn lójú títí kò fi ní rí i mọ́. Bí ó bá gbọ́ bí oníṣẹ́ mìíràn ti ń ro tirẹ̀, ojú rẹ̀ yóò tún là. Bí a bá mú ahunṣọ kan láti ọjà Ọjẹ́ wá jókòó láàárín àwọn akọ̀wé yìí, a kò mọ ohun tí ì bá bá wa rí nínú lẹ́jà.

Inú ìwé Margaret Boden, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ nípa àtinúdá ní 1990, ni wọ́n ti mú ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń tọ̀. Èkíní, kí a tú gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá tí a ti mọ̀: ibẹ̀ ni a ì bá ti rí ìwé abẹ́ ẹní. Èkejì, kí a so ohun méjì tí kò bá ara wọn gbé pọ̀, bí ẹni so káàdì alájọ mọ́ páásìbúùkù ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí a wó ògiri yàrá náà. Ta ni ó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa gbé owó wá bá ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ kò lè máa lọ bá a ní ìsọ̀? Èyí ni ó ń ba àwa olùbẹ̀wò lẹ́rù jù, a kò ní fi pamọ́ fún yín.

Nígbà mìíràn, àwọn tí ń lo ètò ni yóò wó ògiri náà fúnra wọn. Ẹ wo Kẹ́ńyà. Ní oṣù kẹwàá 2005, Vodafone àti Safaricom, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tí à ń pè ní Faulu, gbé ètò kan kalẹ̀ lórí fóònù fún ìdánwò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán an: kí ẹni tí ó yá owó lè máa san án padà láti orí fóònù rẹ̀. Bí 500 ènìyàn ni wọ́n fi dán an wò. Kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe? Ẹnìkan ń bá ẹnìkejì san gbèsè. Àwọn oníṣòwò ń fi sanwó fún ara wọn. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di kóló, wọ́n ń fi owó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ń rìnrìn àjò yóò san owó rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, yóò lọ gbà á lọ́hùn-ún, kò ní gbé kọ́bọ̀ dání lọ́nà. Inú Faulu kò dùn sí i tán, nítorí ìwé wọn kò bá ara mu mọ́, a sì mọ bí ìyẹn ti ń dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ètò náà kò pè é ní àìgbọràn. Wọ́n wò ó, wọ́n kọ́gbọ́n. Nígbà tí M-PESA jáde fún gbogbo ìlú ní oṣù kẹta 2007, fífi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi polongo rẹ̀, kì í ṣe sísan ẹ̀yáwó.

Nílé níbí náà, ní ìparí 2015, obìnrin kan gbé àwòrán kóló onígi rẹ̀ jáde, ó ní 1,000 náírà lójúmọ́ ni òun ń jù sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jáde ní Covenant University ní Ọ̀tà, Ọdúnayọ̀ Eweniyi, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze, ni wọ́n sọ kóló di ti orí fóònù ní 2016. Òun ni à ń pè ní PiggyVest lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rọ̀ wa gbòdì o. A kò sọ pé kí ẹ fi àtinúdá ré òfin ẹgbẹ́ kọjá. Ìlọ́po méjì ṣì ni ìlọ́po méjì, onídùúró ṣì ni onídùúró, a ó sì máa wá yẹ ìwé yín wò bí a ti ń ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ má ṣe fa lẹ́jà lé akọ̀wé-ètò lọ́wọ́ kí ẹ sì máa lọ sílé. Ẹ mú un lọ sí ìsọ̀ akápò. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ọjọ́ ọjà kan, kí ó rí bí owó ti ń wọlé.

Ohun tí ẹgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ Bẹẹrẹ náà wá ṣe nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, ó rí ìwé ọrọọrún. Ó rí i pé ọmọdé ni àwọn kan ń fi owó rán, tí akápò sì ní àmì tí ó ń fi sí i. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi iye owó òun ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí òun kò mọ̀wé, ọmọ òun ni ó ń bá òun kà á, bí ó bá sì ti kà á tán, ẹ̀bẹ̀ owó ni yóò bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo wa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, ta ni ì bá ronú kan ìyẹn? Wọ́n ń wá bí fóònù yóò ṣe máa fi Yorùbá sọ ọ́ sí i létí nìkan. Ìlú yìí kan náà ni Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà yóò ti gbọ́ èdè wa, nítorí náà a kò ní rìn jìnnà kí a tó béèrè.

A ti lọ bá ìyá elélò àgbo náà pé kí ó padà. Kò kọ̀, kò sì gbà. Ó ní kí a kọ́kọ́ wá fi ojú ibi tí ìwé ọrọọrún wà nínú kọ̀ǹpútà han òun ná, kí a sì ka owó oṣù yẹn sí òun létí láti inú rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀ ni a ó gbé e lọ bá a ní ìsọ̀.