Akíntọ́lá Taku: Ewéko Àjòjì àti Ìtọ́jú Igbó Lórí Ilẹ̀ Oko Wa

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí igbó, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí ọ̀rọ̀ nípa ìrókò àti ọ̀gànwó tí ó ń tán lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ewéko kan wà, tí kì í sábà ga ju ènìyàn méjì lọ, tí ó ń fún irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ lọ́rùn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Òun ni mo fẹ́ fi àkókò yín sọ.

Chromolaena odorata ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é; nínú ìwé àtijọ́, Eupatorium odoratum ni. Àwọn àgbẹ̀ wa kò dúró de onímọ̀ kan kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ tiwọn. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní Akíntọ́lá taku. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 1962, nígbà tí wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó sì kọ̀ jálẹ̀, kò níí pẹ́ kí ó tó lóye ohun tí ó wà nínú orúkọ náà. Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. N kò níí dárúkọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú wọn.

Ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ni ìbílẹ̀ ewéko yìí. Ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ni pé ó bá irúgbìn Gmelina arborea, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní mẹ̀línà, wọlé láti Siri Láńkà ní ọdún 1937, apá Enugu ni a sì ti kọ́kọ́ fura sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: àwọn tí ń gbin igi ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé ọ̀tá igi wọlé láìmọ̀.

Agbára rẹ̀ wà nínú ohun méjì. Nígbà ọyẹ́ ni ó máa ń yọ òdòdó, irúgbìn rẹ̀ sì ní irun fúlẹ́fúlẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Bí a bá sì fi àdá ṣán an, ìdí rẹ̀ yóò tún rú, ẹ̀ka tí yóò yọ yóò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè fara dà, òjìji. Níbi tí ewé igi bá ti pàdé ara wọn lókè, Akíntọ́lá kò lè jọba níbẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1983 ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹnì kan tí ó ń sun oko rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò kò ṣọ́ iná rẹ̀. Inú kòkó tútù, ilẹ̀ rẹ̀ sì ní òjìji; iná ì bá má tètè rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá gbígbẹ ti yí etí oko bàbá mi ká bí ọgbà, òun ni iná gùn wọlé. Nígbà tí a fi dé ibẹ̀, eérú ni a bá. Bàbá mi kò bá ẹni náà ṣẹjọ́. Ó jókòó sórí kùkùté kan, ó ní, "Etí oko ni mo gbàgbé."

Èmi tí mo ti kàwé nígbà náà ni mo wá dá ìmọ̀ràn. Mo ní kí a fi ọkọ́ hú gbogbo rẹ̀ tìdítìdí, kí ilẹ̀ mọ́. A náwó, a ṣe é. Láàárín ọdún méjì, ẹ̀kan gba ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti bá ẹ̀kan jà rí mọ̀ pé Akíntọ́lá sàn jù ú lọ. Òjìji Akíntọ́lá ni ó ń pa ẹ̀kan. Èmi ni mo ká a kúrò lórí rẹ̀. N kò rí èyí nínú ìwé tí mo kà títí di ìgbà tí mo ti ṣe àṣìṣe náà.

Nítorí náà ni n kò fi bá àwọn tí ń pè é ní ibi pátápátá sọ ohùn kan. Ewé rẹ̀ tí a bá gún ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́ àdá, àgbẹ̀ púpọ̀ ni ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó bò fún ọdún díẹ̀ máa ń dára fún ọ̀gbìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tata aláwọ̀ mèremère, Zonocerus variegatus, fẹ́ràn òdòdó rẹ̀, tí ó ń gba oró inú rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀, tí yóò sì lọ jẹ ẹ̀gẹ́ wa. Ní ti kòkòrò tí a lè fi jẹ ẹ́ run, a dán kìtìkìtì Pareuchaetes pseudoinsulata wò ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1970 sókè, kò gbilẹ̀. Ní Gánà, lẹ́yìn ọdún 1990, ó gbilẹ̀ dáadáa ju tiwa lọ.

Ọ̀nà bàbá mi ni mo padà sí. Kò ṣán oko mọ́ látòkèdélẹ̀. Ó máa ń wá ọmọ igi tí ó hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ Akíntọ́lá, ọ̀mọ̀, àfàrà, arère, àyúnrẹ́. Yóò gún ọ̀pá tì í, yóò sì ro ìdí rẹ̀ nìkan, níwọ̀n ìṣísẹ̀ kan yípo. Ìyókù, ó fi í sílẹ̀ kí ẹ̀kan má baà wọlé. Ní etí oko nìkan ni ó ti ń fà á tu, ṣáájú ọyẹ́, kí ó tó yọ òdòdó, kí iná má sì rí ohun gùn. Nígbà tí igi wọ̀nyí ga tí orí wọn pàdé, Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó ń nà wá ìmọ́lẹ̀, ó sì ń wó lulẹ̀. A kò fi oògùn kan lé e.

Igbó ìjọba náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí àwọn agégi bá ti la ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n sì ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀, ewé Akíntọ́lá ni ó ń kọ́kọ́ dé.

Ilẹ̀ bàbá mi ti di igbó báyìí. Nínú Oṣù Kọkànlá ni mo máa ń lọ fa etí rẹ̀ tu. Ní ọdún tí ó kọjá, àbúrò mi mú oníṣòwò pákó kan wá láti wo àwọn ọ̀mọ̀ àárín, owó tí ó dárúkọ kò sì kéré. Ọmọ rẹ̀ méjì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mo sọ fún un pé bí a bá gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, Akíntọ́lá yóò padà kí òjò méjì tó rọ̀. Ó ní òun mọ̀. A fi ẹnu kò sí orí ẹyọ kan, èyí tí ó súnmọ́ odò, ní ẹ̀yìn ìkórè tí ń bọ̀. Èwo ni a ó gé tẹ̀ lé e, a kò tíì sọ ọ́.