ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ SAMARU TÓ YA ÀWÒRÁN SÍNÚ ÌWÉ FÁGÚNWÀ

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Bruce Onobrakpeya ni, ọmọ Urhobo láti Agbarha-Otor, tí a bí ní 1932.

Ní 1957 ni ó wọ Nigerian College ní Samaru, ibi tó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Àjèjì ni níbí, bíi tiwa. Bí wọ́n ti ń ya àwòrán nílùú òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ní 1958, òun, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo ọmọ Èkó, àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọn kò kọ ẹ̀kọ́ òyìnbó o. Wọ́n ní àwọn yóò gba èyí tó dára níbẹ̀, àwọn yóò pa á pọ̀ mọ́ ọnà àwọn baba àwọn. Ẹ wò ó, ibi tí wọ́n ti jìnnà sílé ni ọ̀rọ̀ ilé ti wá wọ̀ wọ́n lára!

Yàtọ̀ sí ọ̀dà kíkùn, àwòrán títẹ̀ ló mú un lókìkí. Yóò gbẹ́ àwòrán sára pátákó tàbí rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, yóò fi tàdáwà pa á (ọ̀dọ̀ Hausa la ti yá ọ̀rọ̀ yẹn), yóò sì tẹ bébà lé e. Ibi tó gbẹ́ kúrò kò ní gba àwọ̀. Ní 1967, ìjàm̀bá ásíìdì ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti rí ọ̀nà tuntun tó pè ní plastograph. Ó ṣe tíṣà ní St. Gregory's, Èkó, láti 1963 di 1980. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọmọ torí ó ń yàwòrán, ẹ gbọ́ o.

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ sí èdè òyìnbó ní 1968, ọmọ Urhobo yìí ló ya àwòrán inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín ńkọ́? A gbé ìwé Fágúnwà fún ọ̀kan nínú wọn kí ó kà á; Hausa ló fi bi wá pé kí ni à ń pè ní irúnmọlẹ̀. Ojú tì wá, nítorí àwa ni a kò kọ́ ọ.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí a yọ díẹ̀ nínú owó òní fún ìwé Yorùbá àti ọ̀dà ìyàwòrán, kí àwọn ọmọ máa pàdé lọ́jọ́ Sátidé. A ti rí olùkọ́. Ìwé àti ọ̀dà ló kù.