Lẹ́yìn Ìtọ́jú Ọkàn, Iṣẹ́ Ṣì Kù

Ní ọdún 2016 ni a ṣí Hôpital Général de Référence ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ìjọba China ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ ọ, ó sì gba ibùsùn 500. Inú àwọn ará ìlú dùn, ó sì tọ́ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ń dojú kọ àwọn ìlú ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lónìí, tí ilé-ìwòsàn nìkan kò lè ṣẹ́gun. Àrùn ọkàn ni.

Ọkàn ní àwọn iṣan tirẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀rá bá kóra jọ sínú ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì níbẹ̀, ọ̀nà a dí lójijì, apá kan ọkàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní 1977, ní Zurich, Dókítà Andreas Grüntzig fi bàlúùnù kékeré kan la irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ní 1986, Jacques Puel ní Toulouse àti Ulrich Sigwart ní Lausanne fi ihò irin kékeré tí a hun bí àwọ̀n, tí a ń pè ní stent, sínú iṣan kí ọ̀nà náà má bàa tún pa dé. Àìmọye ẹ̀mí ni èyí ti gbà là.

Láàárín wákàtí 2 tí a bá ti dá àìsàn náà mọ̀ ni ó dára jù kí a ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìlú ní apá ọ̀dọ̀ wa ni kò ní yàrá tí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ó bá rù ú là, tí ó sì lówó lọ́wọ́, ni í wọ bàálù lọ sí Tunis tàbí Casablanca.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé? Ẹbí a yọ̀, wọn a pa àgbò. Ìrẹsì ọlọ́ràá a dé iwájú rẹ̀, tíì tí ṣúgà kún inú rẹ̀ a sì tẹ̀ lé e, ife lórí ife. Wọn kò ní jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà mọ́. Bí oògùn tí ó gbé bọ̀ bá sì tán, wọn a ní ara ti yá.

Ìfẹ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ń ṣe ìpalára ni. Ibi kan ṣoṣo ni irin náà là. Kò wo àìsàn tí ó dí ibẹ̀ sàn. Ní 1988, Gerald Reaven, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn àbùkù kan nínú ara a máa rìn pọ̀ bí ọmọ ìyá. Márùn-ún ni àwọn oníṣègùn ń kà lónìí: ikùn ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá búburú tí ó pọ̀ jù, àti ọ̀rá rere tí kò tó. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú wọn ti wọ inú ewu. Ìwọ̀n tí wọ́n fẹnu kò sí ní 2009 ni pé kí àyíká ikùn ọkùnrin ilẹ̀ wa má tó sẹ̀ǹtímítà 94, ti obìnrin 80, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ má sì tó 130 lórí 85.

Àwọn àgbà ní, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Bí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá rọlẹ̀, ibòmíràn yóò dí. Inú irin náà pàápàá lè tún dí. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ní àbùkù wọ̀nyí, pàápàá àwọn alátọ̀gbẹ, fi ń padà sí ilé-ìwòsàn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ.

Oríṣi oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni aláìsàn sábà máa ń lò pọ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn náà ni aspirin títí ayé, àfi bí dókítà bá sọ òmíràn. Ẹni tí ó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ó dára kí ìjọba kọ́ yàrá ìtọ́jú ọkàn. Ó tún yẹ kí ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní gbogbo ilé-ìwòsàn kékeré, kí oògùn má sì wọ́n níbẹ̀. Ní ti ẹbí, kí wọ́n dín ṣúgà inú tíì kù, kí wọ́n sì bá bàbá rìn létí Odò Ọya nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Dókítà la ọ̀nà. Ilé ni yóò pa á mọ́. Ìlera loògùn ọrọ̀.